Tapping àti harmonics nínú sólò gìtá: kí ló dé tí tèmi fi ń dàrú bí ìlù bá ti wọlé?

OkùnKẹfà:

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kí gbogbo ilé. Bí èmi nìkan bá jókòó ti gìtá mi, tapping mi (kí n fi ìka ọwọ́ ọ̀tún gbá okùn mọ́lẹ̀ lórí ọrùn gìtá) ń dún ketekete, harmonics náà (ohùn òkè tó ń jáde bí ìka bá kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́) ń jáde. Àmọ́ kí onílù gbé igi rẹ̀, kí oníbéèsì wọlé, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Okùn tí mi ò fọwọ́ kàn á máa hó, èyí tí mo fẹ́ kó dún ò ní dún. Ti pinch harmonics (èyí tí àtàǹpàkò ń kan okùn bí pick ṣe ń ta á) ló tiẹ̀ burú jù: ìgbà tó bá wù ú ló ń jáde, kì í ṣe ìgbà tó bá wù mí.

Gìtá mi ní humbucker méjì (irú pickup kan, ohun tó ń gbọ́ mímì okùn), fret 22 (irin tó dábùú ọrùn gìtá), okùn rẹ̀ sì gùn tó 648 mm láti nut (ìparí ọrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí gìtá) dé bridge (ibi tí okùn ti dé ara gìtá). Gain amp mi (bí amp ṣe ń ti ohùn gìtá le tó) lọ sókè dáadáa. Mo fẹ́ mọ ohun tí mo lè ṣe sí ariwo yẹn. Mo fẹ́ mọ ibi tí harmonics wà gan-an, kí n yéé wá a kiri bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù lókùnkùn. Mo sì fẹ́ mọ ibi tó yẹ kí n ti lò wọ́n nínú sólò. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí n lọ ra pedal o.

Ọwọ́Ọ̀tún:

Àbúrò, má di ẹ̀bi ru ìka tó ń ta okùn. Okùn márùn-ún tó ò ta ló ń pariwo. Tí gain bá ti ga, amp ò mọ èyí tó o mọ̀ọ́mọ̀ ta yàtọ̀ sí èyí tí apá aṣọ rẹ ṣèèṣì kàn. Gbogbo ohun tó bá ti mì lórí pickup ló ń gbé síta. Nígbà tó o bá ń fi pick ta sólò, ìdí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún wà lẹ́bàá bridge, ó ń pa àwọn okùn ńlá lẹ́nu mọ́ láìjẹ́ pé o ronú sí i. Gbàrà tó o bá gbé ọwọ́ yẹn lọ sí fret 12 láti tap, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ wọn mọ́. Nínú yàrá o lè má gbọ́ ọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń lù, tí amp ga, ohùn tó ń ti inú agbọ́hùn jáde fúnra rẹ̀ á máa mi àwọn okùn tó ṣí sílẹ̀ yẹn.

Nítorí náà, bí ìka ṣe ń lọ sókè, kí àtẹ́lẹwọ́ máa bá a lọ. Tó o bá ń tap lórí okùn àkọ́kọ́, èyí tó tín-ín-rín jù, jẹ́ kí ìdí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún sinmi lórí okùn kẹfà títí dé ìkẹta, níbikíbi tó bá bọ́ sí. Okùn kejì ló kù. Ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì ló ń bójú tó ìyẹn: má fi ṣóńṣó ìka gan-an tẹ okùn àkọ́kọ́, jẹ́ kí ìka na díẹ̀, kí ṣóńṣó rẹ̀ fara kan okùn kejì láìtẹ̀ ẹ́. Tó o bá wá kúrò níbẹ̀ wá sórí okùn kẹta, abẹ́ ìka kan náà ló máa dùbúlẹ̀ lórí okùn kejì àti àkọ́kọ́.

Ó tún ku ibi tí ìka tó ń tap ń gbà jáde. Ìka yẹn kì í kàn gbéra; ó gbọ́dọ̀ já okùn díẹ̀ bó ṣe ń kúrò, kí ohùn tó kù lẹ́yìn lè dún. Lórí okùn àkọ́kọ́, já a sísàlẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí ìka lè kọlù. Lórí okùn kẹta, tó o bá já a sísàlẹ̀, okùn kejì lo máa kọlù. Já a sókè, àtẹ́lẹwọ́ ti wà lórí okùn kẹrin tó ń dúró dè é. Mo mọ àwọn tó ti ń ta gìtá tipẹ́ tí wọn ò ronú kan ọ̀nà tí ìka ń gbà jáde rí, amp ni wọ́n ń bú.

GbohùnSíta:

Ọ̀nà àbùjá wà. Ẹ so ìdè irun mọ́ ọrùn gìtá ní fret 1, gbogbo okùn tó ṣí sílẹ̀ á dákẹ́. Àwọn ògbóǹtarìgì ń ṣe é, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ọwọ́Ọ̀tún:

Kò sí ìtìjú níbẹ̀ lóòótọ́, pàápàá ní studio. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kí tapping àti harmonics wà nínú sólò kan náà là ń bá sọ̀rọ̀. Ìdè yẹn á pa harmonics orí okùn tó ṣí sílẹ̀ pátápátá, àfi kó máa tì í sẹ́yìn nut láàárín orin kó tún fà á padà. Ta ló ráyè ìyẹn? Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ náà ṣe.

GainDíẹ̀:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹgbẹ́ tó ń lù. Bí sólò bá sọnù nínú ìlù, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni kéèyàn fi gain kún un. Kì í ṣiṣẹ́. Gain ń mú kí ohun tó le àti ohun tó rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìyẹn dára fún tapping dé ìwọ̀n kan, torí ohùn tí a kò fi pick ta kì í sábà le tó èyí tí a fi pick ta. Tó bá ti kọjá ìwọ̀n yẹn, ariwo okùn tí ẹ ò ta náà á bá orin dọ́gba. Ẹ dín gain kù, kí ẹ fi mid (ohùn àárín) kún un. Inú mid ni etí ti ń rí gìtá mú nígbà tí béèsì bá ti gba ìsàlẹ̀, tí aro onílù sì ti gba òkè.

Bí ẹ bá sì ń kọ́ ọ nílé, ẹ pa distortion (ohùn líle tí gain ń mú wá). Ẹ fi ohùn tútù tap. Tí ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá ga bákan náà láìsí distortion, a jẹ́ pé pull-off yín (bí ìka ṣe ń já okùn kúrò) ló rọ̀ jù, gain kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Mẹ́taMẹ́ta:

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá nǹkan tí ọwọ́ máa ṣe. Okùn àkọ́kọ́ nìkan. Ọwọ́ òsì: ìka ìfábẹ̀lá ní fret 5, ìka ọmọńdinrín ní fret 8. Ọwọ́ ọ̀tún ń tap fret 12. Ẹ tap 12, ẹ já a kúrò kí 5 dún, ẹ gbá 8 mọ́lẹ̀, ẹ padà sí 12. E, A, C nìyẹn: A minor. Wàyí o, ẹ má gbé ọwọ́ òsì rárá, ẹ sún ìka tó ń tap sí 13. F, A, C: F major ti dé. Fret kan péré lẹ rìn, kọ́ọ̀dù ti yí padà. Ẹ wá gbé ọwọ́ òsì sí 3 àti 7, kí ẹ tap 10, ẹ gbọ́ D, G, B, G major nìyẹn. Ẹ fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ sún tap sí 12: E minor. Kọ́ọ̀dù mẹ́rin lórí okùn kan, béèsì lè máa tẹ̀ lé yín lábẹ́ rẹ̀, gbogbo èèyàn á sì gbọ́ pé orin lẹ ń kọ, ẹ ò kàn sáré.

Ẹ fi metronome sí 60, ohùn mẹ́ta fún bíìtì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá ti mọ́ ọwọ́, ẹ ta ohùn mẹ́ta kan náà, àmọ́ kí mẹ́rin máa bọ́ sínú bíìtì kan: 12-5-8-12, lẹ́yìn náà 5-8-12-5, lẹ́yìn náà 8-12-5-8. Ibi tí bíìtì ń bọ́ sí á máa yí kiri, á padà sílé lẹ́yìn bíìtì mẹ́ta. Èyí ló ń jẹ́ kí tapping má dà bíi ti gbogbo ayé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju kéèyàn máa fi kún eré lọ.

Ìka àárín ni mo fi ń tap, torí kí pick lè wà lọ́wọ́ mi. Àwọn kan ń fi ìka ìfábẹ̀lá ṣe é, wọ́n á fi pick há àárín àtẹ́lẹwọ́. Méjèèjì dára. Ẹ ṣá gé èékánná ìka yẹn.

OlóríKunkun:

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí, Eddie Van Halen ló dá a sílẹ̀. Ẹ fún baba ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀.

ÀgbàOnígìtá:

A ń fún un lọ́wọ̀, àmọ́ òun kọ́ ló dá a sílẹ̀. Ní 1952 ni Jimmie Webster ti tẹ ìwé ìkọ́ni jáde lórí bí a ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ okùn lórí ọrùn gìtá. Emmett Chapman bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1969, ìyẹn ló bí Chapman Stick, ohun èlò olókùn tí wọ́n ń tap, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1974. Steve Hackett ti fi tapping sínú àwo Genesis ní 1971. Àwo àkọ́kọ́ Van Halen tó jáde ní 1978 ló jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ọ, kí ọmọdé gbogbo sì gbé ọwọ́ ọ̀tún sórí ọrùn gìtá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí lè dé, kó gbọ́ Stanley Jordan: ọwọ́ kan ń ta béèsì àti kọ́ọ̀dù, ìkejì ń kọ orin lórí rẹ̀, ó sì túùnù okùn rẹ̀ sí E A D G C F kí ìka lè rí nǹkan kan náà lórí okùn gbogbo.

MímìOkùn:

Ẹ jẹ́ kí n mú ti harmonics, torí OkùnKẹfà béèrè ibi tó wà *gan-an*.

Okùn tó ń dún kì í mì lódindi nìkan. Ó ń mì ní ìdajì, ó ń mì ní ìdá mẹ́ta, ní ìdá mẹ́rin àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá fi ìka kàn án fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín gbùngbùn, gbogbo mímì tó nílò kí ibẹ̀ máa lọ kó máa bọ̀ á kú. Èyí tí ibẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ nínú rẹ̀ nìkan ló máa kù. Iṣẹ́ tí harmonics ń ṣe kò ju ìyẹn lọ. Ẹ kì í dá ohùn tuntun sílẹ̀, ẹ kàn ń pa àwọn tó bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Lórí gìtá 648 mm bíi tirẹ, ìdajì okùn jẹ́ 324 mm láti nut, orí irin fret 12 gan-an nìyẹn. Ìdá mẹ́ta jẹ́ 216, irin fret 7 sì wà ní nǹkan bíi 215.5, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ wà lójú kan. Ìdá mẹ́rin jẹ́ 162, irin fret 5 wà ní 162.5. Títí débí, ẹ fi ìka sórí irin, ó parí. Ṣùgbọ́n ìdá márùn-ún jẹ́ 129.6, irin fret 4 sì wà ní 133.7! Ẹni tó bá fọwọ́ lé irin fret 4 ti fi mílímítà mẹ́rin ṣì í. Ẹ sún un sẹ́yìn díẹ̀, síhà nut. Ìdá mẹ́fà wà ní 108, ó fi nǹkan bíi mílímítà márùn-ún kọjá irin fret 3 síhà bridge. Ìdá méje wà ní 92.6, láàárín fret 2 àti 3, ó sún mọ́ 3 ju 2 lọ. Ibi tí harmonics ti ń ṣòro fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni fret 4 wá sísàlẹ̀, ìdí rẹ̀ ni pé ojú wọn ń wo irin dípò kí etí wọn máa wá ohùn.

Ohùn tó ń jáde: fret 12 fún yín ní octave kan sókè (ohùn kan náà, àmọ́ ó ga ní ìlọ́po méjì). Fret 7 jẹ́ octave kan pẹ̀lú ìkarùn-ún, fret 5 jẹ́ octave méjì. Ti ẹ̀gbẹ́ fret 4 jẹ́ octave méjì pẹ̀lú ìkẹta major, ẹ lè rí ohùn kan náà ní ẹ̀gbẹ́ fret 9 níbi tí okùn ti fẹ̀ díẹ̀ fún ìka.

Ohun kan tí mo rí tí àwọn èèyàn ń ṣe: wọ́n ń fi ìka sílẹ̀ lórí okùn lẹ́yìn tí wọ́n ti ta á. Bí ohùn bá ti jáde, ẹ gbé ìka kúrò. Ìka tó pẹ́ jù níbẹ̀ ń jẹ ohùn. Okùn tuntun náà ń ṣe pàtàkì. Okùn tó ti dípẹtà, tí òógùn ti wọ̀, kì í fún yín ní àwọn ohùn òkè yẹn dáadáa.

GainDíẹ̀:

Ó yẹ kí a sọ ti pickup pẹ̀lú. OkùnKẹfà, ẹ ṣe ìdánwò kan: ẹ ta harmonics fret 5 lórí okùn tó ṣí sílẹ̀, kí ẹ máa yí switch láti pickup ẹ̀gbẹ́ ọrùn sí ti ẹ̀gbẹ́ bridge. Nínú ọ̀pọ̀ gìtá onífret 21 tàbí 22, pickup ẹ̀gbẹ́ ọrùn wà nítòsí ibi tí fret 24 ìbá wà, ìyẹn ìdá mẹ́rin okùn láti bridge. Ibẹ̀ gan-an ni harmonics fret 5 kì í ti í mì. Pickup ò lè gbọ́ ohun tí kò mì. Humbucker ń gbọ́ okùn láti ojú méjì, kò ní pa á tán bíi ti single coil (pickup tó ń gbọ́ láti ojú kan), àmọ́ ẹ máa gbọ́ ìyàtọ̀. Tí harmonics bá ń bọ̀ nínú sólò, ẹ lọ sí pickup bridge kó tó dé.

OkùnKẹfà:

Haa! Pickup ẹ̀gbẹ́ ọrùn ni mo máa ń fi ta sólò, torí ohùn rẹ̀ nípọn. Mo ṣe ìdánwò yẹn, ọ̀run àti ilẹ̀ ni. Ẹ ṣeun púpọ̀. Pinch wá ńkọ́?

Àtàǹpàkò:

Ẹ di pick mú kí ṣóńṣó rẹ̀ tó yọ síta kéré gan-an, kí ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò lè kan okùn bí pick bá ṣe ń kúrò lórí rẹ̀. Ìṣesí kan ni, kì í ṣe méjì. Ẹ ta á sísàlẹ̀, kí ọwọ́ wọlé sínú okùn díẹ̀ dípò kó fò lórí rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí okùn kẹta tàbí ìkẹrin, pickup bridge, gain tó pọ̀ díẹ̀. Bó bá ti jáde, ẹ fi vibrato gbígbòòrò (kí ìka máa mi okùn náà) sí i, ibẹ̀ ni igbe yẹn ti ń wá. Billy Gibbons ni kí ẹ gbọ́ fún èyí tó rọra ń yọ jáde láàárín ọ̀rọ̀; Zakk Wylde fún èyí tó ń ké.

Àmọ́ ohun tó ń jẹ́ kó máa jáde “nígbà tó bá wù ú” kì í sábà jẹ́ àtàǹpàkò. Ibi tí ọwọ́ ọ̀tún wà ni. Ẹ rántí ohun tí MímìOkùn sọ: ibi tí okùn kì í ti í mì ló yẹ kí àtàǹpàkò bọ́ sí. Tí ẹ bá tẹ fret 5, okùn tó ń dún ti kúrú di nǹkan bíi 485 mm. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ láti bridge jẹ́ 121, ìdá márùn-ún jẹ́ 97, ìdá mẹ́fà jẹ́ 81. Tí ẹ bá gun òkè lọ sí fret 12, okùn ku 324: ìdá mẹ́rin ti di 81, ìdá márùn-ún ti di 65. Ibi kan náà tí ẹ ti rí ìdá mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ti di ibi ìdá mẹ́rin. Ọwọ́ òsì ń rìn, ọwọ́ ọ̀tún dúró sójú kan, báwo ni ohùn kan náà ṣe máa jáde?

Nítorí náà, ẹ di fret kan mú, bíi fret 5 lórí okùn kẹta. Ẹ máa ta pinch, kí ẹ máa sún ọwọ́ ọ̀tún díẹ̀díẹ̀ láti bridge lọ síhà pickup ọrùn. Ẹ máa gbọ́ ohùn oríṣiríṣi. Ẹ yan èyí tó wù yín, ẹ wo ibi tí ọwọ́ wà lójú pickup tàbí lójú skrúù, ẹ há a sórí. Ẹ tún ṣe é lórí fret mìíràn tí ẹ mọ̀ pé sólò yín máa dúró lé. Kò pọn dandan kí ẹ mọ gbogbo ọrùn gìtá. Fret méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ mọ̀ dájú ti tó fún sólò kan.

Mẹ́taMẹ́ta:

Kò tíì sẹ́ni tó mẹ́nu ba ibi tí méjèèjì ti pàdé, bẹ́ẹ̀ òun ló dùn jù lójú tèmi: tapped harmonics. Ẹ di ohùn kan mú pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ẹ fi ìka ọwọ́ ọ̀tún gbá okùn lókè rẹ̀, kí ìka sì ta kúrò lójú ẹsẹ̀. Ìyàtọ̀ kan wà tó yẹ kó hàn kedere: nínú tapping lásán, *ẹ̀yìn* irin fret ni ìka ń bọ́ sí, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì dúró díẹ̀. Nínú tapped harmonics, *orí irin gan-an* ni, kò sì gbọ́dọ̀ dúró.

OkùnKẹfà:

Tí ọwọ́ òsì bá wà ní fret 5, fret wo ni mo máa gbá?

Mẹ́taMẹ́ta:

Fi 12 kún un: 17, octave kan. Fi 7 kún un: 12, octave pẹ̀lú ìkarùn-ún. Fi 5 kún un: 10, octave méjì. Bí ọwọ́ òsì bá sún, gbogbo rẹ̀ á bá a sún. Ta kọ́ọ̀dù kan ní ohùn kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, kí ọwọ́ ọ̀tún máa gbá fret 12 lókè ohùn kọ̀ọ̀kan, o máa gbọ́ bí agogo kékeré.

O sì lè kọ́kọ́ fi pick ta ohùn náà, kó o fà á títí yóò fi gòkè tán, kó o wá fi ìka kàn án fẹ́ẹ́rẹ́ ní fret 12 lókè ibi tó o tẹ̀. Ohùn tó ti ń dún tẹ́lẹ̀ á fò sókè lójijì láìjẹ́ pé o ta nǹkan kan.

ÀgbàOnígìtá:

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ló wù mí jù: ibo ló yẹ kí wọ́n wà nínú sólò? Èrò tèmi rèé, ẹni tó bá fẹ́ lè jà. Tapping kì í mí. Ohùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé ara wọn ní dọ́gbadọ́gba, kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti parí. Nítorí náà, kò lè dá sólò dúró. Mo máa ń lò ó láti gun òkè: bar méjì, ó pẹ́ tán mẹ́rin, nígbà tí kọ́ọ̀dù ń yí lábẹ́, kí ó sì já sórí ohùn gígùn kan tí a fi pick ta, tí a fà, tí a jẹ́ kó dún pẹ́. Bí kò bá já síbì kankan, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Pinch ní tirẹ̀, ohùn tó ti lágbára tẹ́lẹ̀ nínú gbólóhùn ni kí ẹ fi sí. Ẹ má fi sórí ohùn tó kàn ń kọjá lọ. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì nínú sólò kan, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀.

Àtàǹpàkò:

Mo fara mọ́ ti tapping. Ti pinch, mi ò gbà. Orin tó le, tó wúwo, lè gba pinch ní ìparí gbólóhùn gbogbo, ohun tí etí ń retí níbẹ̀ nìyẹn. Orin ló máa sọ, kì í ṣe òfin.

ÀgbàOnígìtá:

Mo gbà fún ọ níbi orin tó le. Níbòmíràn, rárá.

Ọwọ́Ọ̀tún:

Bẹ́ ẹ bá jà tán, ẹ rántí pé ọwọ́ ọ̀tún nílò àyè láti rìn. Láti ẹ̀gbẹ́ bridge dé fret 12 kì í ṣe ìrìn kékeré nígbà tí orin bá yá. Ibi tí ọ̀pọ̀ tapping ti ń bàjẹ́ nìyẹn: ohùn àkọ́kọ́ rẹ̀ ń pẹ́ dé. Ẹ jẹ́ kí ohùn méjì tàbí mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ ti ọwọ́ òsì nìkan, hammer-on (kí ìka gbá okùn mọ́lẹ̀ kó dún) láìfi pick ta, kí ọwọ́ ọ̀tún ti wà lọ́nà nígbà náà. Ẹ tún ṣe ètò bí ẹ ṣe máa padà, torí ohùn gígùn tí ÀgbàOnígìtá ní kí ẹ já sí yẹn, pick ló máa ta á. Ẹ kọ́ àlọ àti àbọ̀ yẹn lọ́tọ̀, kí ẹ má ṣe tapping kankan láàárín rẹ̀, títí tí yóò fi bọ́ sórí bíìtì.

GbohùnSíta:

Ẹni tó bá ní whammy bar (ọ̀pá ara bridge tó ń rẹ ohùn sílẹ̀ tàbí gbé e sókè), kó ta harmonics fret 5 tàbí 7 lórí okùn kẹta, kó fi bar rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kó tó ta á, kó wá jẹ́ kó gòkè padà. Jeff Beck, tó kú ní 2023, fi ọgbọ́n yìí kọ odindi orin nígbà ayé rẹ̀, bí ẹni ń fi ẹnu kọ ọ́.

MímìOkùn:

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù nípa túùnù, torí ó máa kan yín nígbà tí harmonics bá pàdé ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ ń fi harmonics túùnù gìtá: fret 5 lórí okùn kẹfà, fret 7 lórí ìkarùn-ún, kí méjèèjì dọ́gba. Ìkarùn-ún inú harmonics ga ju ti fret lọ ní cent 2 (100 cent ló wà láàárín fret kan sí èkejì). Tí ẹ bá ṣe é látorí okùn dé okùn, A á lọ sílẹ̀ ní 2, D ní 4, G ní 6. Ó kéré, àmọ́ kọ́ọ̀dù máa fi hàn. Ẹ lo tuner.

Ẹ tún yẹ harmonics fret 12 wò pẹ̀lú ohùn tí ẹ tẹ̀ ní fret 12. Tí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ga ju harmonics lọ, ẹ sún saddle okùn yẹn (ibi tí okùn sinmi lé lórí bridge) sẹ́yìn kí okùn gùn sí i. Tó bá lọ sílẹ̀, ẹ sún un síwájú. Bí ìyẹn ò bá tọ́, tapping lókè ọrùn kò ní bá harmonics yín mu láéláé.

OkùnKẹfà:

Tuner ni mò ń lò. Ṣùgbọ́n harmonics ẹ̀gbẹ́ fret 4 lórí okùn kẹta, nígbà tí orin bá wà ní G, ó máa ń dún bíi pé ó ń bá keyboard jà. Mo rò pé ìka mi ni.

MímìOkùn:

Kì í ṣe ìka rẹ. Ìkẹta tó ń jáde níbẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ti keyboard lọ ní nǹkan bíi cent 14. B tí okùn G ń fún ọ níbẹ̀ wà ní nǹkan bíi 980 Hz, ti keyboard wà ní 988. Bí wọ́n bá jọ dún, wàá gbọ́ kí ohùn máa gbọ̀n bí ìgbà 8 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí keyboard ò bá di B mú, kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ó tiẹ̀ dùn. Tó bá di í mú, B kan náà wà lórí okùn àkọ́kọ́, harmonics fret 7, ní 989. Mú tibẹ̀.